Ọmọ Ilé-Ìwé àti Ọjà Ojúlé dé Ojúlé

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi gbọọrọ ní òpin oṣù keje, ọkàn rẹ kò ní ṣàì fà sí owó. Èmi kò rí ohun tí ó burú nínú èyí. Bàtà ń gbó, ìwé kíkà ń gbówó lérí, owó ìdánwò ìwé mẹ́wàá kì í sì í ṣe owó tí gbogbo bàbá lè mú jáde láìgbin. Ọmọ tí ó bá ní kí òun wá nǹkan ṣe láti ran òbí òun lọ́wọ́, ọmọ gidi ni. Nítorí náà, kì í ṣe láti sọ fún ọ pé kí o ká ọwọ́ gbera títí di oṣù kẹsàn-án ni mo ṣe mú gègé. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ ni ọ̀rọ̀ irú iṣẹ́ kan tí ó máa ń dúró de ọmọ ilé-ìwé ní àkókò náà gan-an, tí a fi orúkọ dáradára bò mọ́lẹ̀, tí èmi kò sì gbà pé iṣẹ́ ni rárá.

Ìwé pélébé kan ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iná ní ẹ̀bá ọjà, tàbí kí ọ̀rẹ́ kan fi í ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. A ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí ó já fáfá. A kò béèrè ìrírí. Owó wà lójoojúmọ́. Àyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun gbogbo ni ó wà nínú rẹ̀ àfi orúkọ iṣẹ́ náà. Bí o bá pe nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìwé náà, ohùn tí ó tutù bí omi inú àmù ni yóò dá ọ lóhùn, yóò sì ní kí o wá ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. Nígbà tí o bá dé ibẹ̀, gbọ̀ngàn tí a háyà ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ ti jókòó lórí àga oníke, orin ń dún, àtẹ́wọ́ ń ró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó so táì mọ́ ọrùn nínú ooru yóò dìde, yóò sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko nípa bí òun ti tòṣì tó tẹ́lẹ̀ àti bí òun ti ń gun mọ́tò nísinsin yìí. (Èmi kò mọ ìdí rẹ̀ tí táì fi jẹ́ aṣọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Àwọn ìyá tí ń ta òfì olówó iyebíye kì í so ó.) Lẹ́yìn èyí ni ọjà yóò tó yọjú: ìgò àgbo tí ń wo àrùn méjìlá, tíì tí ń fọ inú, ọṣẹ, ìpara, oògùn ìfọyín. Ìwọ ni yóò máa gbé e kiri láti ojúlé dé ojúlé. Ṣùgbọ́n kí o tó gbé e, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ sanwó.

Ní agbègbè wa ní Ìpókíá, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń rí etí gbọ́, ó sì nídìí. Ìlú ààlà ni wá. Ẹnubodè Ìdí-Ìrókò ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń jẹun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ààlà orí ilẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 wọ́n ṣí ẹnubodè mẹ́rin padà, Sẹ̀mẹ̀ sì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n orúkọ Ìdí-Ìrókò kò sí níbẹ̀. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí àṣẹ tó jáde pé kí a ṣí tiwa. Fún ọdún méjì àti ààbọ̀ ó lé ni alájàpá, awakọ̀, olóńjẹ, àti àwọn tí ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà ń wo ojú ọ̀nà. Ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí a ti ààlà náà, inú ilé tí owó ti wọ́n ni ó ti dàgbà. Bí ẹnìkan bá dé tí ó ní owó wà lójoojúmọ́, ta ni ó yẹ kí ó tètè gbọ́ bí kò ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Èmi kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó mọ̀ pé ebi ń pa á, tí ó sì fi ìyẹn pè é wá sí gbọ̀ngàn, òun ni mo ń bá jà.

Jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi owó tí wọ́n ní kí o kọ́kọ́ san. Nínú iṣẹ́ gbogbo tí mo mọ̀, ẹni tí ó gbani síṣẹ́ ni ó ń sanwó fún ẹni tí a gbà. Lébìrà tí ń ru bíríkì kì í fún bíríkìlà lówó kí ó tó ru ú. Níbi tí ẹnìkan bá ti gbé ọjà kalẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ka owó lé e lọ́wọ́, ẹni tí ó ka owó yẹn ni a ń pè ní oníbàárà. Ìwọ rò pé o lọ gba iṣẹ́ olùtajà. Ọjà ni o lọ rà. Ẹni tí ó so táì nì ti tajà tán fún ọjọ́ náà kí o tó jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn.

Ìwọ lè dá mi lóhùn pé, ‘Ṣé ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà kì í sanwó fún ọ̀gá rẹ̀ ni?’ Òótọ́ ni, ó ń san án. Télọ̀ ń gba owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, mẹkáníìkì ń gbà á, kò sì sí ẹni tí ó bú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tí ó sì gba ìyọ̀ǹda, bí ọ̀gá rẹ̀ bá kú lọ́la, ó ṣì mọ bí a ti ń gé ọrùn bùbá. Báwo ni ti ìwọ? Bí ilé-iṣẹ́ olúgò yẹn bá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn ní oṣù tí ń bọ̀, kí ni ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n ṣe? Ohun tí wọ́n kọ́ ọ kò ju bí a ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ tirẹ̀.

Má sì ṣe rò pé ọjà kíkiri gan-an ni mo ń bú. Àwọn baba wa ṣe é, wọ́n sì là nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, àwọn ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà a máa di aṣọ sórí, wọn a máa rìn láti ìletò dé ìletò, wọn a tà á ní àwìn, wọn a sì padà wá gba owó ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí onígbèsè bá ń fi òní dónìí, tí ó ń fi ọ̀la dọ́la, Ìjẹ̀ṣà yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò ní òṣó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn, Òṣómàáló, ti wá. Ènìyàn líle ni wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo ìlú ni ó fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n wo bí iṣẹ́ wọn ti rí. Aṣọ tí ènìyàn ń fẹ́ wọ̀ ni wọ́n ń tà. Ọ̀dọ̀ àjèjì ni wọ́n ti ń tà á. Ẹni tí ó ni aṣọ ni ó fi owó ara rẹ̀ wewu, nítorí òun ni ó tà á ní àwìn. Ọmọdékùnrin tí ó bá tẹ̀lé e rù ú, ẹ̀yìn ọdún mélòó kan ni ọ̀gá yóò fún un ní aṣọ tirẹ̀ kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Kò sì sí Òṣómàáló kan tí ó sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé, ‘Má wulẹ̀ ra aṣọ yìí wọ̀ lásán; sanwó kí ìwọ náà di Òṣómàáló, kí o sì mú àwọn márùn-ún mìíràn wá.’ Ìyá tí ń ta gàrí ní ọjà kì í bẹ̀ ọ́ pé kí o wá di oníṣòwò gàrí. Gàrí ni ó fẹ́ tà fún ọ.

Mú bébà àti bíró, kí á jọ ṣírò. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi èyí ṣe, kì í ṣe iye tí ilé-iṣẹ́ kan pàtó ń gbà. Ká ní wọ́n gba 10,000 náírà lọ́wọ́ rẹ fún ìforúkọsílẹ̀. O ra ìgò márùn-ún ní 4,000 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí o tà á ní 5,000. Èrè orí ìgò kan jẹ́ 1,000. Kí owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan tó padà sọ́wọ́ rẹ, ìgò mẹ́wàá ni o gbọ́dọ̀ tà. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà gbé ọ lọ, ó gbé ọ bọ̀, o sì jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì ní ọ̀sán. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 2,000 lójúmọ́, ní ogún ọjọ́ ó di 40,000. Fi 10,000 ti ìforúkọsílẹ̀ kún un, ó di 50,000. Ìgò àádọ́ta ní ogún ọjọ́, kí o lè padà sí ibi tí o wà gan-an kí o tó kúrò nílé! Kọ́bọ̀ kan kò tíì wọ àpò rẹ. Ní ti ilé-iṣẹ́ náà, ó ti ta ìgò àádọ́ta, ó ti gba 10,000 lé e, kò sanwó oṣù fún ẹnikẹ́ni, oòrùn kò pa á, ajá ẹnikẹ́ni kò sì lé e. Èyí tí kò bá tà, tìrẹ ni; abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ ni yóò wà títí yóò fi bàjẹ́.

Àwọn gan-an mọ ìṣirò yìí jù mí lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọn kì í sọ̀rọ̀ ìgò mọ́, ọ̀rọ̀ ènìyàn ni wọ́n ń sọ. Mú márùn-ún wá, kí olúkúlùkù wọn mú márùn-ún wá, ìwọ yóò sì máa jẹ nínú owó gbogbo wọn láìdìde lórí àga. Ó dára. Márùn-ún ní ìpele kìíní, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní èkejì, 125 ní ẹ̀kẹta. Máa lọ bẹ́ẹ̀. Ìpele keje yóò fẹ́ 78,125 ènìyàn. Ìpele kẹjọ yóò fẹ́ 390,625. Nígbà tí a ka ènìyàn ní Nàìjíríà ní ọdún 2006, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá pátá, àti arúgbó àti ọmọ ọwọ́, tó nǹkan bí 150,000. Bí ó bá di ìpele kejìlá, àwọn tí a ń wá yóò ti lé ní 244 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Nàìjíríà kò ní tó wọn. Kò sí ẹni tí ó lè fi àdúrà tàbí ìgboyà yí ìṣirò yìí padà. Ẹni tí ó bá wọlé kẹ́yìn kò ní rí ẹni tí yóò mú wá, àwọn tí ó sì wọlé kẹ́yìn ni ó pọ̀ jù nígbà gbogbo. Àwọn tí ó fi owó sínú ètò MMM ní ilẹ̀ wa rí i ní oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí a di owó wọn pa ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ọdún tuntun. Ìyẹn kò tilẹ̀ ní ìgò nínú. Ìgò ni ó yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ká ní owó nìkan ni o ń pàdánù, èmi ìbá má kọ ọ̀rọ̀ yìí gùn tó báyìí. Owó a máa padà. Ohun mìíràn wà tí wọ́n ń mú ọ tà, tí ó ju ìgò lọ.

Ní ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì, wọn a pín bébà fún yín, wọn a ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó mọ̀. Ọmọdé a rò pé eré ni. Dúró díẹ̀ kí o wo ohun tí o kọ. Àbúrò bàbá rẹ lóbìnrin ni ó ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tíṣà tí ó kọ́ ọ ní ìwé kẹta. Ìyá tí ó pọ̀n ọ́ nígbà tí ìyá rẹ wà ní ìkúnlẹ̀ àbúrò rẹ. Bàbá tí ẹ jọ wà ní ìjọ kan náà, tàbí tí ẹ jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan náà. Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ tí wọ́n jọ ń dá èsúsú. Ìwé orúkọ yẹn kì í ṣe tìrẹ. Ogún ọdún ni bàbá àti ìyá rẹ fi kọ ọ́. Ìgbà tí ìyá rẹ gbé oúnjẹ lọ sí ilé olókùú, ó kọ orúkọ kan sí i. Ìgbà tí bàbá rẹ fi owó ránṣẹ́ síbi ìkómọ tí kò lè lọ, ó kọ òmíràn. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ojú nìyẹn: a rí ọ, a mọ̀ ọ́, a kò lè lé ọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní ojú kankan ní Ìpókíá, tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní Ìhunbọ tàbí Àgọ́sasà, ní kí o kó ojú àwọn òbí rẹ wá kí òun fi tajà.

Wo bí yóò ti rí. O dé ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ, ìyẹn àbúrò bàbá rẹ. Ó yọ̀ mọ́ ọ, ó bu omi fún ọ. O ṣí báàgì, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ bí ẹyẹ odídẹrẹ́. Kò lóye ìdajì rẹ̀. Kò fẹ́ ìgò náà, inú kò run ún, kò sì ní 5,000 tí ó dá dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó dúró níwájú rẹ̀ nínú òógùn yìí. Ó tú ìdí ìró, ó ka owó ata ọ̀la fún ọ. O jáde, o ń fò fún ayọ̀, o sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ pé o ti tajà. Kò sí ohun tí o tà. Ojú ni ó sanwó fún.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta o tún padà lọ, nítorí pé ọ̀gá rẹ sọ pé oníbàárà tí ó rà lẹ́ẹ̀kan yóò rà lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí rẹ rí ọ láti ọ̀ọ́kán. Ó wọ yàrá, ó sì rán ọmọ rẹ̀ jáde pé, ‘Sọ fún un pé n kò sí nílé.’ Ọmọ ọdún mẹ́fà náà dúró lójú ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ kan ha èkejì, ó ń pa irọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé irọ́ ni. Bàtà ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Sọ fún mi, mélòó ni èrè orí ìgò kan?

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tún ńkọ́? Àwọn márùn-ún tí o mú wá, inú kíláàsì kan náà ni ẹ ó padà sí ní oṣù kẹsàn-án. Ọ̀kan nínú wọn gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, owó èsúsú ni. O mọ̀, nítorí pé ìwọ ni ó kọ́ ọ bí yóò ti bẹ̀ ẹ́. O sì ti jẹ ìpín tìrẹ nínú rẹ̀. Ìjókòó yín kò jìnnà síra. Ẹni tí ó so táì nì kò sí níbẹ̀ láti bá ọ wo ojú rẹ̀.

N kò ní pẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ òfin, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò gbà kí a lo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti máa kiri ọjà ní ìgboro. Òfin orílẹ̀-èdè wa kò gbà kí a máa kiri oògùn bí ẹni ń kiri àkàrà. Ibi tí a fún ní ìwé àṣẹ nìkan ni a ti ń tà á. Bí wọ́n bá ní àgbo ni, kì í ṣe oògùn òyìnbó, wá nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò náà, kí o sì ka ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àgbo tí àjọ náà fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn wí nípa rẹ̀ wò. Ìwọ sì ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bàbá arúgbó tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, o ń sọ fún un pé kí ó fi oògùn ọsibítù sílẹ̀, kí ó mu tìrẹ. Bí ó bá rọ lápá, ilé-iṣẹ́ yóò ní àwọn kò rán ọ bẹ́ẹ̀. Ní ti ètò fífi owó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé san ti ẹni tí ó ṣáájú, òfin ìdókòwò tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2025 ti gbé ẹ̀wọ̀n ọdún 10 kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá dá a sílẹ̀.

Ewu kan tún wà tí ó pa mí lẹ́nu mọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń kó ọ̀dọ́ sínú ọkọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ kí wọ́n máa ta ìwé ìròyìn láti ojúlé dé ojúlé. Ní oṣù kẹta ọdún 1999, ọkọ̀ kan tí ó kó ọ̀dọ́ mẹ́rìnlá irú bẹ́ẹ̀ dànù nítòsí Janesville ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Awakọ̀ náà kò ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí ó péye. Nígbà tí ó rí ọlọ́pàá, ó fẹ́ pààrọ̀ ìjókòó pẹ̀lú ẹlòmíràn lórí eré. Méje nínú wọn kú. Ọdún mẹ́wàá kọjá kí ìpínlẹ̀ náà tó ṣe òfin lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ní 2009. Àwọn ọmọ náà jìnnà sí ilé, owó wọn wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá ni ó sì mọ ibi tí wọn yóò sùn.

Má ṣe wí pé Amẹ́ríkà jìnnà. Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín, ní Gánà àti ní Siẹra Lóònù, àwọn ọlọ́pàá ti já ilẹ̀kùn wọ ilé tí a kó ọ̀dọ́ pamọ́ sí, àwọn tí a fi ìlérí iṣẹ́ títà tàn kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn, tí wọ́n ti san owó púpọ̀, tí a sì ní kí wọ́n máa pe ẹbí wọn pé gbogbo nǹkan ń dára kí àwọn mìíràn lè wá. Láti Ìpókíá sí Àjàṣẹ́, ọ̀nà kò pọ̀. Kútọnu kò jìnnà sí i. Bí ẹnìkan bá ní ìdálẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà yóò wáyé ní òdìkejì ààlà, ọjọ́ mẹ́ta péré, kí o mú owó àti fóònù rẹ dání, ilé ni kí o kọrí sí.

Àwọn ènìyàn a máa béèrè pé, ‘Bí kò bá sí èrè nínú rẹ̀, báwo ni ti ọ̀gá ṣe ra mọ́tò?’ Ó rà á nítòótọ́ nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ó háyà rẹ̀ fún ọjọ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ká ní ó rà á: ṣé o kò ṣì rí ibi tí owó ti wá? Ní ọdún 2015, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà pe ilé-iṣẹ́ Vemma lẹ́jọ́. Ohun mímu afúnnilágbára ni wọ́n ń tà, àwọn ọmọ yunifásítì ni wọ́n sì dojú kọ. Wọ́n ń rọ olúkúlùkù wọn láti kọ́kọ́ ra ẹrù tí ó tó 600 dọ́là, kí ó sì máa ra ti 150 dọ́là lóṣooṣù, pẹ̀lú ìlérí pé yóò là kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jáde ilé-ìwé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016 ni ọ̀rọ̀ náà parí, wọ́n sì fi òfin dè wọ́n pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2024, àjọ kan náà yẹ ìwé àádọ́rin wò, ìwé tí àwọn ilé-iṣẹ́ alátagbà bẹ́ẹ̀ fúnra wọn kọ nípa owó tí àwọn ènìyàn wọn ń rí. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò rí ju 1,000 dọ́là lọ ní odidi ọdún kan, èyí tí kò tó 84 dọ́là lóṣù. Ní ilẹ̀ tí owó pọ̀ sí jù tiwa lọ nìyẹn o. Wọn kò mú ìyẹn wá sí gbọ̀ngàn. Mọ́tò ọ̀gá ni wọ́n mú wá.

Kí ni kí o wá ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìsinmi? Iṣẹ́ pọ̀ tí kò ní táì nínú. Ibi tí wọ́n ti ń dín gàrí ń fẹ́ ẹni tí yóò bó ẹ̀gẹ́, owó ọjọ́ sì ni. Àwọn ọmọ aládùúgbò tí ń lọ sí ìwé kẹfà ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ìṣirò. Kódà bí ó bá jẹ́ ọjà ni o fẹ́ tà nígbà tí o bá ti tó ọjọ́ orí, lọ ra apẹ̀rẹ̀ ọsàn kan, kí o wo bí yóò ti tà. Ọjà tí ó bá tà, ó tà. Èyí tí kò bá tà, ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ ó jẹ ẹ́. Bí ẹnìkan bá sì pè ọ́ sí iṣẹ́ títà, bi í léèrè ohun mẹ́rin kí o tó jókòó: ta ni ó ń sanwó fún mi, mélòó sì ni, yálà mo tajà tàbí n kò tà? Ṣé n ó dá èyí tí kò bá tà padà? Níbo ni n ó ti máa sùn? Ṣé bàbá mi lè bá mi wá lọ́la? Dákẹ́ kí o gbọ́ èsì. Ẹni tí ó bá bínú sí ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, o ti mọ̀ ọ́n.

Ó ṣeé ṣe kí o ti wà nínú rẹ̀ kí ìwé yìí tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, má ṣe fi ìtìjú pa á mọ́ra, má sì ṣe mú ẹnìkan sí i wọ inú rẹ̀ kí owó tìrẹ lè padà. Kó ìgò tí ó kù jọ láìṣí ìdérí wọn. Wá rìsíìtì owó tí o san. Bí kò bá sí, kọ ọjọ́ náà, iye rẹ̀, àti nọ́ńbà tí o fi owó ránṣẹ́ sí sílẹ̀. Gbé gbogbo rẹ̀ síwájú bàbá tàbí ìyá rẹ ní alẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti jẹun tán. Àjọ FCCPC, tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti máa dáàbò bo oníbàárà, ń gba ẹ̀sùn irú rẹ̀. Ìwọ náà sì ti mọ̀ báyìí pé oníbàárà ni ọ́. Lẹ́yìn náà, lọ sí ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ láìmú báàgì dání.